Bí A Ṣe Ń Yan Òwú Sílíkì fún Iṣẹ́ Ọnà Abẹ́rẹ́ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sára aṣọ ti ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ń kó o sí ọrùn agbádá, àwọn kan ń kó o sí fìlà, àwọn míì ń kó o sí bùbá ìyàwó. Fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà kún orí YouTube àti Instagram. Iṣẹ́ tó dáa ni, ó sì ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn kò gbé ní Igbókọ̀dá, wọn ò gbé ní Ayétòrò, wọn ò gbé ní Ùgbò. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ́dọ̀ wọn kò ní iyọ̀ nínú. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọṣọ. Òwú tí wọ́n ní ká rà lè dára lọ́dọ̀ wọn, kó má sì dára lọ́dọ̀ wa ní etí òkun Ìlàjẹ.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: kẹ́ ẹ tó béèrè àwọ̀ òwú, kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe máa fọ aṣọ náà. Omi wo? Ọṣẹ wo? Ṣé wọ́n á sá a sóòrùn? Ṣé wọ́n á fi sítáàṣì sí i? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá sílíkì ló yẹ, àbí òwú míì.

Ara kòkòrò ni sílíkì ti ń wá

Kòkòrò tí ayé mọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe sílíkì ni Bombyx mori, ìdin kan tó ń jẹ ewé igi mulberry. Tó bá kù díẹ̀ kó di àfòpiná, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ òwú jáde lẹ́nu, á fi yí ara rẹ̀ ká títí tó fi máa di ilé kékeré róbótó bí ẹyin. Òwú tó wà lára ilé kan ṣoṣo yẹn lè gùn tó mítà 600 sí 900 láì já. Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ṣáínà náà ló ṣì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù láyé títí dòní, Íńdíà ló tẹ̀ lé e.

Nǹkan méjì ló wà nínú ohun tí ìdin yẹn ń pọ̀ jáde. Ọ̀kan ni òwú gan-an, ìkejì ni gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ se gọ́ọ̀mù náà kúrò kí òwú tó lè rọ̀, kó sì dán. Tí wọ́n bá sè é tán, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ti bá omi lọ. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọjà lásán ló mú kí sílíkì wọ́n.

Kí ló ń mú un dán? Òwú sílíkì kì í ṣe róbótó bí okùn. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹnu rẹ̀, igun mẹ́ta ni wọ́n máa rí, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ta lára igun yẹn bó ṣe ń ta lára dígí tí wọ́n gé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn tó ń ṣe póléstà ti mọ àṣírí náà, wọ́n sì ti fi dá tiwọn.

Sányán àti àlàárì: sílíkì kì í ṣe àjèjì sí wa

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òyìnbó ló mú sílíkì wá fún Yorùbá, kó tún èrò rẹ̀ pa. Sílíkì ni sányán. Kì í ṣe ti Bombyx mori o, ti àwọn kòkòrò igbó ilẹ̀ wa tí onímọ̀ ń pè ní Anaphe ni. Àwọn wọ̀nyí kì í kọ́lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kóra jọ sínú ìtẹ́ ńlá kan, àwọ̀ ilẹ̀ ni ìtẹ́ náà sì máa ń ní. Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń se ìtẹ́ yìí nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè tú, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìrànwú ran án bí ìgbà tí wọ́n ń ran òwú oko. Àwọ̀ rẹ̀ tó dà bíi ti tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí yẹn, àwọ̀ tí kòkòrò fún un ni. Àwọn Hausa ń pe sílíkì yìí ní tsamiya, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe igi àjàgbọn, torí irú rẹ̀ kan ń jẹ ewé igi náà. Wọ́n máa ń fi òwú yìí kó iṣẹ́ sára ẹ̀wù ńlá ní Òkè Ọya, àwa náà sì fi sílíkì ṣe ọnà sára agbádá.

Ní ti àlàárì, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Sílíkì tí wọ́n ti pa láró pupa ni, tó ń gba Tripoli wọ aṣálẹ̀ Sàhárà, tí àwọn oníràkúnmí ń gbé wá sí Kánò, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Àwọn Hausa ń pè é ní alharini, ibẹ̀ sì lorúkọ tiwa ti jáde.

Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Òun ni pé lónìí, tẹ́ ẹ bá ra aṣọ òkè tí wọ́n pè ní sányán, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí fọ́nrán sílíkì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Òwú lásán tàbí òwú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pa láró sí àwọ̀ sányán ló pọ̀ níta. Orúkọ wà níbẹ̀, òwú ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí pẹ̀lú òwú tí wọ́n ń pè ní sílíkì lọ́jà.

Ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní sílíkì

Tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Igbókọ̀dá, tàbí tẹ́ ẹ gòkè lọ sí Òkìtìpupa, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ òwú sílíkì, wọ́n á nawọ́ rílì kan tó ń dán sí yín. Kì í ṣe pé ẹni tó ń tà á fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Sílíkì lorúkọ tí òun náà bá a lọ́jà, ohunkóhun tó bá ti ń dán ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ló lè wà nínú rílì yẹn.

Àkọ́kọ́ ni réyọ́n, tí wọ́n tún ń pè ní viscose. Ara igi ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ló gba ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọdún 1892. Ó rọ̀, ó dán dáadáa. Àlébù rẹ̀ ni pé tó bá ti tutù, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì.

Ìkejì ni póléstà. Ara epo rọ̀bì lòun ti wá. Èyí tí wọ́n kọ “trilobal” sí lára ni wọ́n ṣe ní oníigun mẹ́ta kó lè dán bíi sílíkì. Ó le, kì í tètè ṣí, omi kì í sì í wọ̀ ọ́ lára.

Ìkẹta ni òwú oko tí wọ́n ti tọ́jú kó lè dán, tí wọ́n ń kọ “mercerized cotton” sí lára. John Mercer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní ọdún 1844, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Òwú DMC tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, èyí tó ní fọ́nrán mẹ́fà tó sì gùn ní mítà 8, ìdí yìí ló wà. Kì í ṣe sílíkì.

Ìkẹrin ni sílíkì gidi, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti máa rí i rà, tàbí kí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó bá a mú un dání. Tí lábélì bá wà, ẹ kà á. “100% silk” ni sílíkì. “Soie” ni sílíkì ní èdè Faransé, “Seide” ní èdè Jámánì, “seta” ní èdè Ítálì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí “art silk”, ẹ má jẹ́ kó tàn yín o. “Art” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, àgékúrú “artificial” ni, ìyẹn ayédèrú sílíkì. “Silky” tàbí “silk finish” náà, dídán ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Tí kò bá sí lábélì ńkọ́? Ẹ gé díẹ̀ nínú òwú náà, kẹ́ ẹ dán an wò.

1. Ìdánwò iná. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún mú òwú bí ìka kan ní gígùn, ẹ gbé abọ́ omi sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tanná sí ẹnu rẹ̀. Sílíkì á jó díẹ̀díẹ̀, á rùn bí irun tó jóná, tẹ́ ẹ bá sì gbé e kúrò lójú iná, ó máa ń fẹ́ kú fúnra rẹ̀. Eérú dúdú tó rọrùn láti fi ìka rún ló máa kù. Réyọ́n àti òwú oko á jó kíákíá bí ìwé, wọ́n á rùn bí ìwé tó jóná, eérú wọn á fúyẹ́. Póléstà ní tiẹ̀ á yọ́, á ká jọ, á di kókó dúdú líle. Ẹ ṣọ́ra fún èyí, torí tó bá kán síni lọ́wọ́, ó ń bó ara.

2. Ìdánwò omi. Ẹ rẹ òwú náà sínú omi, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Réyọ́n á já wẹ́rẹ́. Agbára sílíkì náà máa ń dín tó bá tutù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ti póléstà ò ní yí padà rárá.

3. Ìdánwò àwọ̀. Èyí làwọn èèyàn kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ rẹ òwú náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Tí àwọ̀ bá fi lè yọ sára aṣọ funfun yẹn, ẹ má fi òwú náà ṣiṣẹ́ sára aṣọ ẹnikẹ́ni. Pupa, àlùkò, búlúù tó ki àti dúdú lẹ gbọ́dọ̀ fura sí jù.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ lórí ti ìkẹta yìí. Mo ní bùbá gíní funfun kan tí wọ́n fi òwú pupa kó ọrùn rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó gún régé, gbogbo èèyàn ló ń béèrè ẹni tó bá mi ṣe é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, àyà bùbá náà di pínńkì látòkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni onítọ̀hún fi jókòó ti iṣẹ́ yẹn. Ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà á là.

Oríṣi òwú sílíkì gidi

Ká ní ẹ ti wá rí sílíkì gidi. Ó tún ku bí wọ́n ṣe lọ́ ọ, torí ibẹ̀ ni ìrísí iṣẹ́ ti ń yàtọ̀.

Òwú pẹlẹbẹ ni èyí tí wọn ò lọ́ rárá. Òun ló ń dán jù. Tí wọ́n bá fi kún ojú òdòdó tàbí ojú ewé, á kọ mànà bí omi. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ń fà á yọ: èékánná, òrùka, awọ ọwọ́ tó le. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tún àwọ̀n ṣe, tó ń yan ẹja, á mọ̀ pé ọwọ́ òun kì í rọ̀. Ẹ fi ṣúgà àti òróró díẹ̀ ra ọwọ́, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan an. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ fi òwú pẹlẹbẹ sílẹ̀ ná.

Òwú olọ́pọ̀ fọ́nrán ló tẹ̀ lé e. Ẹ lè fa fọ́nrán kan, méjì tàbí mẹ́ta yọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe fẹ́. Soie d'Alger ti ilé-iṣẹ́ Au Ver à Soie ní Faransé jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ káàkiri ayé, fọ́nrán méje ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fa wọ́n yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fa méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lọ́ mọ́ra, iṣẹ́ ò sì ní tẹ́jú.

Òwú lílọ́ ni èyí tí wọ́n ti lọ́ le bí okùn kékeré. Dídán rẹ̀ ò tó ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun ló ń pẹ́ jù. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ ò nílò olùkọ́ lórí èyí. Ẹni tó bá mọ okùn àwọ̀n mọ̀ pé okùn tí wọ́n lọ́ dáadáa ló ń fara da fífà àti gbígbo. Fún ọrùn agbádá, etí àpò àti ìlà tó yí ọnà ká, òwú lílọ́ ni kẹ́ ẹ lò.

Ohun míì tún wà: sílíkì tí wọ́n fà ní gígùn látara ilé kòkòrò kan ló ń dán jù. Èyí tí wọ́n ran látara àwọn ègé tó já, bí wọ́n ṣe ń ran sányán, máa ń ní irun díẹ̀ lára, dídán rẹ̀ sì máa ń tutù lójú. Sílíkì ni méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ yín jọ ti àwọn àgbà, èyí tí wọ́n ran ni kẹ́ ẹ wá.

Òwú wo fún aṣọ wo?

Ibí yìí ni ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti máa wúlò.

Agbádá gíní tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń fi sítáàṣì sí: póléstà tó dáa, tàbí òwú oko tó dán. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan àti sítáàṣì kì í ṣe ọ̀rẹ́ sílíkì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré yín torí póléstà. Òun ló yẹ níbẹ̀.

Aṣọ òkè, tí wọ́n ń wọ̀ ní ọjọ́ ìnáwó nìkan, tí wọn kì í rẹ sómi lójoojúmọ́: sílíkì gidi, tí owó bá wà. Aṣọ tó ṣeé jogún ni, ó sì yẹ kí òwú rẹ̀ lè pẹ́ bíi tiẹ̀.

Ìró fẹlifẹ́ẹ̀tì àti George: òwú sílíkì lílọ́. Òwú pẹlẹbẹ á rì sínú irun fẹlifẹ́ẹ̀tì, èèyàn ò sì ní rí i.

Fìlà: ẹ wo ibi tí òógùn máa ń dé. Iyọ̀ inú òógùn máa ń jẹ sílíkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi sílíkì sí òkè fìlà tí gbogbo ayé máa rí, kẹ́ ẹ fi póléstà sí etí tó kan iwájú orí.

Aṣọ funfun ìjọ, tí wọ́n ń fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: póléstà tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yọ. Tí wọ́n bá ń fi Hypo tàbí Jik fọ̀ ọ́, ẹ má dárúkọ sílíkì níbẹ̀ rárá. Bílíìṣì máa ń jẹ sílíkì dànù ni.

Aṣọ ọmọdé, ìrọ̀rí, aṣọ tábìlì: òwú oko tó dán. Ó rọrùn, kò wọ́n, ó ṣeé fọ̀.

Réyọ́n ńkọ́? Ohun tí ẹ máa gbé kọ́ sára ògiri tàbí tẹ́ ẹ máa fi sínú dígí ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ó rẹwà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́.

Ohun tí etí òkun ń ṣe sí òwú

Ọ̀rinrin ni àkọ́kọ́. Sílíkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ aṣọ fi ń wọn òwú, omi tó ń wà lára sílíkì jẹ́ nǹkan bíi 11 nínú 100, ti òwú oko jẹ́ 8.5, ti réyọ́n tó 13, ti póléstà ò ju 0.4 lọ. Ibi tí wọ́n ti ṣe ìwọ̀n yẹn ò ní ọ̀rinrin tó tiwa, torí náà tiwa á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé sílíkì tó wà nínú àpótí ní Ayétòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé sí i, á bu, á máa rùn.

Iyọ̀ ni ìkejì. Tí omi iyọ̀ bá gbẹ sára òwú, hóró iyọ̀ á dúró sáàárín fọ́nrán. Hóró yẹn á tún máa fa ọ̀rinrin sára, tó bá sì gbẹ, á máa ha òwú bí iyanrìn kíkúnná. Gbogbo wa la mọ̀ bí omi tó mọ́ ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, omi kànga níyọ̀, omi odò náà níyọ̀. Torí náà omi òjò tẹ́ ẹ gbè sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí táǹkì ni kẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún aṣọ tó ní sílíkì lára. Tí kò bá sí, ẹ ra omi inú ọ̀rá. Abọ́ méjì ti tó láti fi ṣan ọrùn bùbá kan.

Oòrùn ni ìkẹta. Nínú gbogbo òwú tá a ń lò, sílíkì wà lára àwọn tí oòrùn ń tètè bà jẹ́ jù. Á pọ́n, á sì di ẹlẹgẹ́. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni wọ́n fi ń pa lówe, ṣùgbọ́n tí sílíkì ni ká gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí.

Mi ò sọ èyí láti lé yín kúrò nídìí sílíkì. Ayétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 ní ilé ìhunṣọ àti ibi ìránṣọ tiẹ̀ nígbà tí ìlú náà ń rọ̀ ṣọ̀mù, kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé lọ. Iṣẹ́ aṣọ ti wà létí omi yìí tipẹ́. Nígbà tí ìdílé kan bá sì ní láti palẹ̀ mọ́ torí òkun, àpótí aṣọ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sínú ọkọ̀. Aṣọ tá a bá kó iṣẹ́ sí yẹ kó lè la irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ já.

Abẹ́rẹ́, gígùn òwú àti iye tẹ́ ẹ máa rà

Abẹ́rẹ́ tó mú, tí ojú rẹ̀ gùn, ni ti iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà abẹ́rẹ́ tó bá ga, abẹ́rẹ́ ọ̀hún kéré ni. Nọ́ńbà 10 dáa fún fọ́nrán kan, 8 tàbí 9 fún méjì, 7 fún mẹ́ta. Tí òwú bá ń fún mọ́ ojú abẹ́rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ́ ẹ tó dé àárín iṣẹ́.

Ẹ má gé òwú gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Gbogbo ìgbà tí sílíkì bá gba inú aṣọ kọjá ló ń pàdánù díẹ̀ nínú dídán rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ máa ń dípẹtà kíákíá lọ́dọ̀ wa. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sára iṣẹ́ sùn mọ́jú, torí àmì ìpẹtà kì í kúrò lára sílíkì. Ẹ tọ́jú àwọn pàkẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, àwọn tí wọ́n kọ “silica gel” sí lára. Wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí, ẹ kó abẹ́rẹ́ àti òwú yín sí i.

Tẹ́ ẹ bá ń ra òwú, ẹ ra èyí tó máa parí iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà aró tó wà lára lábélì wọn sì bára mu. Pupa tí wọ́n pa láró lóṣù yìí lè má dọ́gba pẹ̀lú ti oṣù tó ń bọ̀, ojú ọ̀sán gangan ló sì máa fi hàn.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́

Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kẹ́ ẹ fún oníbàárà mọ́ aṣọ rẹ̀: omi òjò tàbí omi mímọ́ tí kò gbóná, ọṣẹ tó rọ̀ bíi ti irun orí, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ tó le, ẹ má fún un, ẹ má gbo ó, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji, ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, kí áyọ́ọ̀nù lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá kan ìpamọ́, aṣọ funfun mímọ́ ni kí wọ́n fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá. Kí wọ́n máa gbé e jáde fún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí nídìí ìsọ̀:

1. Báwo ni wọ́n ṣe máa fọ aṣọ yìí, omi wo sì ni?
2. Kí ni lábélì sọ? Tí kò bá sí, ṣé mo lè gé díẹ̀ lọ dán wò nílé?
3. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kì í yọ?
4. Ṣé wọ́n lọ́ ọ tó fún ibi tí mo fẹ́ fi sí?
5. Ṣé ó máa tó mi parí iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Iṣẹ́ ọwọ́ sára agbádá kan lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú gbogbo owó iṣẹ́ yẹn, ti òwú ló kéré jù, òun náà ló sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Torí náà ẹ má wá owó pọ́ọ́kú síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò yé oníbàárà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ póléstà, ẹ sọ pé póléstà ni, ẹ ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ aṣọ rẹ̀, kẹ́ ẹ gba owó póléstà. Tẹ́ ẹ bá gba owó sílíkì, sílíkì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Oníbàárà tó bá fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kẹwàá tí òwú ṣì wà bó ṣe wà, òun fúnra rẹ̀ ló máa polówó yín láti Igbókọ̀dá dé Èkó.